Ipò Kejì Nínú Mẹ́rìndínlógójì

Dòdò ni Ìyá Bísọ́dún ń dín lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, nílé wọn lọ́nà Ọ̀bà-Ilé ní Àkúrẹ́, nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìdáná wá láìkí i. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í rí ìyá rẹ̀ láàárọ̀ kó má kúnlẹ̀. Ìyá bojú wẹ̀yìn. Ó rí bébà kan lọ́wọ́ ọmọ, ó sì rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n, bí ojú ẹni tí kò fi oorun kan ìpéǹpéjú.

"Ṣé kò sí o?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa sítóòfù yẹn ná."

"Kí n pa á? Kí bàbá rẹ fi ebi lọ sí ọ́fíìsì? Sọ ohun tó o bá fẹ́ sọ. Etí ni mo fi ń gbọ́ràn, kì í ṣe ọwọ́."

Bísọ́dún bẹ̀rẹ̀, ó pa sítóòfù náà fúnra rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó sì ń kàwé gboyè másítà ní yunifásítì, lórí ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ará ilé ò tíì rí orúkọ gidi fún. "Jẹ́ńdà" ni òun ń pè é. Ó ní wọ́n kó àwọn tó ka ìtàn, àwọn tó ka òfin, àwọn tó ka ìmọ̀ ọ̀gbìn àti àwọn tó ka ìṣègùn jọ sínú kíláàsì kan ṣoṣo, kí kálukú fi ojú ẹ̀kọ́ tirẹ̀ wo ìdí tí ayé fi ń bu ti ọkùnrin kún, tó sì ń bù nínú ti obìnrin. Àmọ̀kẹ́, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta òwú àti bọ́tìnì níwájú ilé wọn, ti túmọ̀ rẹ̀ sí nǹkan mìíràn: "Ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọkọ jà ni. Wọ́n tún ń lọ kọ́ ọ! Ta ló kọ́ èmi?" Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín, Bísọ́dún pàápàá a rẹ́rìn-ín.

Kò rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí. Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta tó ti ń lọ, tó ń bọ̀ láàárín Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ti fún un láyè láti wo àwọn rẹ́jísítà àtijọ́ tó wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí wọn, tí ikán ti jẹ etí wọn. Orúkọ àwọn ọmọ tó wà ní fọ́ọ̀mù kejì, tí wọn kò sì sí ní fọ́ọ̀mù kẹta mọ́, ló ń wá. Ó ti rí ọ̀kànlélọ́gọ́ta. Ìlà pupa ni wọ́n fà la orúkọ kọ̀ọ̀kan kọjá, wọ́n sì fi gẹ̀ẹ́sì kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́: ó ti lọ sílé ọkọ, kò rówó san, oyún. Àwọn mìíràn kò ní ìdí kankan. Ìlà nìkan ni.

"Màámi, kí lẹ sọ fún mi pé ó lé yín kúrò nílé ìwé?"

"Ṣé ohun tó o torí ẹ̀ pa iná mi nìyẹn? Mo fìdí rẹmi. Ta ni kò mọ̀? Orí mi ò gbàwé. Ẹni tí orí rẹ̀ bá gba abẹ́rẹ́, kó rán aṣọ."

Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, láìfi ohùn kankan sí i, bí ẹni ń dárúkọ àdúgbò tí wọ́n bí i sí. Ó ti ń sọ ọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ ní kó wá ṣe akọ̀wé fáwọn, ó ní kí wọ́n lọ wá ẹni tó mọ̀wé. Bí lẹ́tà bá wọlé, a gbé e kalẹ̀ de ọkọ rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ó lè kà á.

Bísọ́dún na bébà náà sí i. Ìyá fi ìró nu epo ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á. Ẹ̀dà ojú ìwé rẹ́jísítà ni, ẹ̀rọ adàkọ ti sọ ìlà pupa di dúdú. Ó kà á díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Akínsànyà, Ọláfimíhàn. Fọ́ọ̀mù kejì. Oṣù Kejìlá, ọdún 1976. *Ìyá rẹ̀ ló mú un kúrò. Ipò kejì nínú mẹ́rìndínlógójì. Ó dùn wá.*

"Ọláfimíhàn mìíràn ni," ló wí.

"Ọmọ Akínsànyà, àdúgbò Odòjọmú? Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n bí yín?"

Ìyá tún gbé bébà náà sún mọ́ ojú. Ó tún un kà. Dòdò inú epo ń tutù lọ.

Ibẹ̀ ni Bàbá Bísọ́dún bá wọn, ó ti wọ kóòtù, ó ń so táì lọ́wọ́. Akọ̀wé ìjọba ni, ẹni tí kò fẹ́ wàhálà rí láyé rẹ̀. Ó gba bébà náà, ó wò ó fìrí, ó dá a padà.

"Bísọ́dún, ṣé ohun tí wọ́n rán ọ lọ kọ́ ní yunifásítì nìyí? Kí o máa hú òkú?"

"Bàámi, mi ò hú òkú. Ohun tó wà nínú ìwé ni."

"Ọ̀rọ̀ ogún ọdún ó lé! Ìyá rẹ ní ilé, ó ní ọmọ, ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Kí ló tún kù? Òkú ni ọ̀rọ̀ yẹn, jẹ́ kó sùn."

"Ta ló kú?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi í, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà dúró tòun ti táì rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tó ti gbé e níyàwó, kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó so táì náà tán. Ó mú báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ láìjẹun.

Fèrèsé ilé ìdáná kọjú sí ìsọ̀ Àmọ̀kẹ́, ogiri kò sì dí etí rẹ̀. Bí ìyá àti ọmọ ti jáde síta tàwọn ti gèlè lórí, tí wọ́n ń lọ sí Oǹdó, ó dìde lórí àga rẹ̀.

"Ìyá Bísọ́dún, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o. Ìyá nìyá ń jẹ́."

"Mo mọ̀, Àmọ̀kẹ́."

"Èmi ò tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló lọ." Ó tún jókòó. "A kì í bi wá nígbà yẹn."

Ní gáréèjì, Ìyá Bísọ́dún gba fóònù ọmọ rẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Dúrótoyè, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú Oǹdó.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nílé Ìyá."

"Kí ló dé? Ṣé ara Ìyá ò yá ni?"

"Ara wọn yá. Èmi ni."

Ó ní òun ń bọ̀.

Ojú fèrèsé ni Ọláfimíhàn jókòó sí nínú ọkọ̀. Igbó kòkó ń sá sẹ́yìn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n kọjá odò Ọ̀wẹnà níbi tí àwọn obìnrin ti ń na ẹran ìgbẹ́ sáfẹ́fẹ́ fún àwọn onímọ́tò. Bísọ́dún rò pé ìyá òun yóò sunkún. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Obìnrin Ọ̀wọ̀ kan ló kọ́ wa ní ìṣirò. Mísì la máa ń pè é. Tó bá kọ ìṣirò sójú pátákó tán, á yíjú padà, á ní, 'Ọláfimíhàn, má tíì sọ ọ́, jẹ́ kí àwọn yòókù rò ó.'" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Má tíì sọ ọ́. Ọwọ́ mi á ti wà lókè, màá fi ọwọ́ kejì dì í mú."

"Ẹ ò sọ èyí fún mi rí."

"Mi ò rántí ẹ̀."

Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe àìrántí. Ẹni tó fìdí rẹmi, kí ló fẹ́ fi ìrántí kíláàsì ṣe? Ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta láti kékeré. Wọ́n wá ń wọlé báyìí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn: òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ẹsẹ̀ gbogbo wọn máa ń funfun, tí wọ́n á jí òróró sínú páànù kékeré wá sílé ìwé láti fi pa á, òórùn pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, oko ilé ìwé tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí, tí àwọn kan ń hú jẹ kó tó ta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan báyìí tó máa ń fi etí ìwé ṣe ọkọ̀ ojú omi. Ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni. Wọ́n kó wọn jọ sí pápá, wọ́n fún wọn ní bisikíìtì, wọ́n ní ìpínlẹ̀ tuntun ti dé, ẹ̀yin ọmọ ló ni ín. Ó rántí pé òun gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó rántí bí bisikíìtì náà ṣe dùn tó.

Nígbà tí wọ́n fi máa wọ ìlú Oǹdó, ó ti sọ̀rọ̀ débi tí ohùn rẹ̀ há.

Ìyá Àgbà wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ní Odòjọmú, ó ń pa ẹ̀gúsí sínú àwo. Ó ti lé lọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ò gbàgbé ẹ̀gúsí. Bó ti gbọ́ ohùn wọn ló ti ń fi ògidì èdè Oǹdó pe ọmọdébìnrin ilé kejì pé kó gbé iṣu kaná, àlejò òun dé. Dúrótoyè ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn, lórí bẹ́ńṣì, ẹfun ṣì wà ní etí àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó rí bébà tó wà lọ́wọ́ Bísọ́dún, ó sì gbé ojú sílẹ̀.

Ọláfimíhàn kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Kò dìde.

"Ìyá, lọ́jọ́ tí káàdì èsì ìdánwò mi dé láti ilé ìwé, kí ni Bọ̀dá kà fún yín?"

Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró lórí ẹ̀gúsí.

Ẹnìkan ń kọjá lọ lójú títì, ó kí wọn pé ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àlejò. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Obìnrin náà fà sẹ́yìn díẹ̀, ó wo ojú wọn, ó yára lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Odòjọmú yóò ti gbọ́ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ nílé Akínsànyà.

"Oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni bàbá yín kú," Ìyá Àgbà wí níkẹyìn. "Ọmọ méjì ló wà nílé ìwé. Agbára ọmọ kan ni mo ní."

"Ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Kí n ní o mọ̀wé, kí n tún ní kó o má lọ? Ìwọ tó máa ń sunkún bí òjò bá dá ọ dúró nílé? Mo ní bó o bá gbà pé o ò mọ̀ ọ́n, o ò ní í wẹ̀yìn. Ìyẹn á tètè jinná, mo rò bẹ́ẹ̀." Ó gbé orí sókè, ó ń wá ojú ọmọ rẹ̀ nínú bàìbàì. "Ṣé kò jinná?"

Ọláfimíhàn kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Dúrótoyè ló sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí ẹgbẹ̀rin ọmọ ń dákẹ́ fún láàárọ̀ tó bá gun orí pèpéle, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. "Mo kà á bó ṣe wà fún wọn. Ipò kejì. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní rárá, kí n kà á bí àwọn ṣe fẹ́ kí Ọláfimíhàn gbọ́ ọ. Ni mo bá pè ọ́ wọlé."

"Mo rántí," àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ ò wo ojú mi. Mo rò pé ojú ń tì yín nítorí mi."

"Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà yẹn."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bọ̀dá? Ipò kelòó lẹ mú lọ́dún yẹn?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ìkejìlélógún."

Bísọ́dún kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ san owó ilé ìwé mi láti jẹ́léósinmi. Gbogbo wa ń dúpẹ́, à ń kúnlẹ̀! Àṣé gbèsè ni! Ìlànà tí wọ́n fi ń..."

"Bísọ́dún, dákẹ́," ìyá rẹ̀ wí. "Ti ìwé rẹ ń bọ̀. Èyí tèmi ni."

Bísọ́dún gbé bébà náà lé bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dúrótoyè.

"Ẹ̀dà káàdì náà wà lábẹ́ bébà yẹn," Ọláfimíhàn wí. "Wọ́n fi pamọ́ nílé ìwé. Bọ̀dá, ẹ kà á fún mi. Ẹ kà á bó ṣe wà."

Dúrótoyè mú awò ojú rẹ̀ jáde. Ó fa ẹ̀dà káàdì náà yọ. Lẹ́yìn náà ó dìde dúró. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

"Akínsànyà, Ọláfimíhàn. Fọ́ọ̀mù kejì. Ìṣirò, mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Gẹ̀ẹ́sì, mọ́kànléláàádọ́rin. Ìmọ̀ Bíbélì, àádọ́rùn-ún. Jọ́gíráfì, ọgọ́rin. Yorùbá, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́..." Ó dúró.

"Ẹ kà á."

"Iṣẹ́ abẹ́rẹ́, méjìlélógójì."

Ọláfimíhàn, tó ti fi abẹ́rẹ́ jẹun fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tí àwọn ìyàwó ọ̀gá ní Àkúrẹ́ ń tò sílé rẹ̀ nítorí kọ́là rẹ̀ nìkan, ya ẹnu, ẹ̀rín sì bú jáde. Ó rín in débi tó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ nítorí kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe. Nígbà tí ẹ̀rín náà yí padà, kò sẹ́ni tó tètè mọ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì lọ́nà kan náà. Bísọ́dún kúnlẹ̀ tì í, ó gbá a mú.

"Ó ku ibì kan," Dúrótoyè wí, ojú rẹ̀ náà ti rin. "Ọ̀gá àgbà kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ó ní: Ọmọ onílàákàyè ni. À ń retí rẹ̀ ní oṣù Kìíní."

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn oṣù Kìíní yẹn ni ìjọba sọ ilé-ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ jákèjádò ìpínlẹ̀. Ọláfimíhàn ti wà nílé ọkọ nígbà náà, oyún Bísọ́dún sì ti wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ náà ló mọ ìṣirò yìí. Kò sẹ́ni tó ṣe é síta.

Wọ́n gún iyán. Wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ tirẹ̀ ti àwo náà sí iwájú ọmọ rẹ̀.

"Wá jẹun, ọmọ mi."

Ọláfimíhàn wo iyán náà. Kò sí iyán tó dùn tó ti ilé yìí lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń jẹ ẹ́ títí yóò fi fi ìka lá àwo.

"Mi ò tíì lè jẹ ẹ́, Ìyá."

"Títí dìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀."

Ìyá Àgbà mi orí. Ó fa àwo náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi ìdérí dé e, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdérí náà bí ẹni tó fẹ́ kó máa gbóná títí lọ.

Dúrótoyè sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. "Bísọ́dún," ó wí, "ìwé tí ò ń kọ yìí... ṣé orúkọ máa wà níbẹ̀?"

"Ọwọ́ Màámi ló wà."

"Kọ orúkọ mi," Ọláfimíhàn wí. "Àwọn ọgọ́ta tó kù, béèrè lọ́wọ́ wọn. Èmi, kọ ọ́ ní kíkún. Ti Bọ̀dá, òun ni kó sọ."

Ọkùnrin náà ń wo bàtà rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò méjì ti jókòó sí òdìkejì títì, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń ṣa ewébẹ̀.

"Kọ ọ́," ó wí. "Kọ ìkejìlélógún náà sí i."

Ọ̀nà gáréèjì wà lápá òsì. Apá ọ̀tún ni Ọláfimíhàn yà sí. Bísọ́dún tẹ̀ lé e, kò béèrè. Wọ́n gun òkè lọ nínú oòrùn, wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, títí tí wọ́n fi dé ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin náà. Agogo ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Àwọn ọmọ ń tú jáde, àpò lẹ́yìn, bàtà eléruku, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń ti ara wọn, ẹnìkan ń sáré tẹ̀ lé ìwé rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé. Aṣọ wọn kì í ṣe àwọ̀ ti ayé ọjọ́un mọ́. Ariwo wọn ni kò yí padà.

Ọkùnrin arúgbó tó ń ṣọ́ géètì rí obìnrin tó dúró láìwọlé.

"Màmá, ẹ káàsán o. Ta lẹ wá mú?"

Ọláfimíhàn la ẹnu. Bísọ́dún rò pé yóò ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni.

"Ọláfimíhàn ni," ló wí. "Ọláfimíhàn Akínsànyà. Fọ́ọ̀mù kejì."

Ọkùnrin náà kọjú sínú ọgbà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí ẹnu rẹ̀ ká. "Ọláfimíhàn o! Ọláfimíhàn Akínsànyà! Màmá rẹ ti dé o!"

Àwọn ọmọ tó wà nítòsí gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n kígbe rẹ̀ sẹ́yìn sáwọn tó ń bọ̀. Àwọn yẹn náà gbé e lọ, títí orúkọ náà fi dé ẹ̀gbẹ́ kíláàsì lókè lọ́hùn-ún, lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Bísọ́dún fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin.

Aṣọ́géètì náà dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó padà wá. Ó fi àkísà nu eruku orí bẹ́ńṣì rẹ̀.

"Kò tíì jáde, Màmá. Àwọn mìíràn máa ń pẹ́. Ẹ jókòó dè é."

Ọláfimíhàn sì jókòó.